Ọpọlọ Kékeré Tí Mo Sọ Di Ńlá

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa mí lẹ́nu mọ́. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, ilẹ̀ gan-an á pọ̀ mí jáde. Èmi Jàmíù Oyèládé, tí gbogbo ọmọ Yorùbá ní Zaria mọ̀ sí Jàmíù Kọ̀ǹpútà, ni mò ń kọ ìwé yìí lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Kíndìnrín mi méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà kò purọ́ fún mi, ó ní kí n pe àwọn ènìyàn mi. Mo ti pè wọ́n, wọ́n ti wá, wọ́n ti sunkún, wọ́n sì ń pè mí ní ènìyàn rere. Orúkọ yẹn ń pa mí ju àìsàn lọ. Olè ni mí. Kódà, olè sàn jù mí, nítorí olè a máa sá nígbà tí wọ́n bá mú ẹlòmíràn nítorí rẹ̀. Èmi jókòó, mo bá wọn dá ẹjọ́ náà.

Hayin Dogo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ra láptọ́ọ̀pù àlòkù. Èyí tó ń tà jù lọ́dọ̀ mi ni àwọn kékeré tí a ń pè ní míní. Ó fúyẹ́, ó wọ báàgì obìnrin, kì í gbóná, kì í pariwo. Ìdí ni pé pùrósẹ́sọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́, jẹ́ irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe kó máa jẹ iná díẹ̀. Bí ẹ bá ṣáájì í ní ìdájí, á bá yín dé ìrọ̀lẹ́. Ní ìlú tí iná mànàmáná ti ń ṣe bí àlejò, ta ni kò ní fẹ́ ẹ? Ṣùgbọ́n ohun tí kì í jẹun púpọ̀ kì í gbé ẹrù púpọ̀. Wọ́n ṣe é fún ẹni tó fẹ́ ka ìròyìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó tẹ lẹ́tà, kó fi ránṣẹ́. Gbé iṣẹ́ méjì tó wúwo lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà, yóò dúró, yóò máa wò ọ́.

Àwọn oníbàárà ti ń mọ èyí, wọ́n sì ti ń kọ̀ ọ́. Ni mo bá gbọ́n ọgbọ́n burúkú. Ojú ewé kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa ń sọ orúkọ pùrósẹ́sọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹni tó bá fẹ́ rà á máa ń wò. Mo pa orúkọ gidi rẹ́ níbẹ̀, mo kọ orúkọ èyí tó lágbára jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìyàwó mi, Sarat, tó ń tẹ káàdì àti sítíkà, ló bá mi tẹ sítíkà tó bá orúkọ tuntun náà mu. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ṣé kò ní di wàhálà. Mo ní wàhálà wo, ta ló máa tú u wò? Mo tún ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ Jàmíù, ẹ̀rín lo ń rín.

Fọláwùmí ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀gbẹ́ni Adébánjọ bí. Bàbá náà ti fẹ̀yìntì níbi iṣẹ́ láàbù, ilé wọn wà ní Danmagaji, ìyá sì ti kú. Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, bàbá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, pé ọmọ wa Jàmíù wà níbẹ̀. Mo ta ọ̀kan nínú àwọn míní tí mo ti yí orúkọ rẹ̀ padà fún un, mo fi àdúrà kún un. Ó lò ó fún oṣù méje láìsí ìṣòro. Lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀kọ́ kan ní òkè òkun pè é sí ìdánwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì; bí ó bá yege, wọn yóò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ láti kọ́ bí a ṣe ń yẹ omi mímu wò. Òfin ìdánwò náà ni pé kámẹ́rà gbọ́dọ̀ máa wo ojú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọpọlọ kékeré yẹn kò lè gbé ìdánwò kó tún gbé kámẹ́rà. Ìgbà mẹ́rin ni kámẹ́rà dákú. Àwọn òyìnbó kọ̀wé pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á kó lè jíwèé wò. Wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá kó mú ìwé wá láti ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí ìwé náà bá sọ pé ẹ̀rọ kò lágbára tó, yóò tún ìdánwò ṣe. Bí ó bá sọ pé ó lágbára, orúkọ rẹ̀ yóò wọ ìwé àwọn tó jíwèé wò, ilé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wọn kankan kò sì ní gbà á mọ́.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo. Ó ti yẹ ẹ̀rọ náà wò yí ká, kò rí fáànù tó ń fẹ́ ooru kúrò nínú ẹ̀rọ, ó sì mọ̀ pé èyí tó lágbára tó bí sítíkà ṣe wí kò lè ṣàìní fáànù.

“Bọ̀dá Jàmíù,” ó ní, “mi ò bá yín jà. Ẹ ṣáà kọ ọ́ pé kò lágbára. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀yin lẹ yí orúkọ rẹ̀ padà.”

Ẹ wo ọmọ tí mo rẹ́ jẹ, òun ló tún fẹ́ bo àṣírí mi. Ìlà mẹ́ta péré ni ì bá gbà mí. Mo mú bíírò, wallahi, mo mú un. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ kan ń retí kí n kó ogójì míní wá fún wọn, orúkọ èké kan náà ló sì wà lára gbogbo rẹ̀. Bí òǹtẹ̀ mi bá jáde pé irú ẹ̀rọ yìí kò lágbára, ọjà mi bàjẹ́ nìyẹn. Mo ní kó máa lọ, pé màá yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí Sarat gbọ́, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí pé ọmọ ọlọ́mọ ni, kí n gbà á sílẹ̀. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, ṣebí òun náà ló tẹ sítíkà.

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Alhaji Abdulrahman, olórí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa, pe ìpàdé sí pálọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Adébánjọ ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gbẹ́ni Adébánjọ dábàá pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ fún Malam kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ọjà Sabon Gari, kó tú u. Bí ó bá tú u, àṣírí mi tú nìyẹn.

“Haba, Adébánjọ,” ni Alhaji wí. “A ní ọmọ wa nínú iṣẹ́ yìí, ká wá gbé ọ̀rọ̀ ọmọ wa lọ síta? Jàmíù ló máa yẹ̀ ẹ́ wò.”

Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe gbé ìdájọ́ lé ọ̀daràn lọ́wọ́ nìyẹn, nítorí pé ó ń sọ èdè wọn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́rin ló wà ní pálọ̀ yẹn. Mo ṣí ẹ̀rọ náà níwájú wọn, mo ka irọ́ tí mo fọwọ́ ara mi kọ síbẹ̀, mo fi sítíkà hàn wọ́n. Fọláwùmí ní kí n jẹ́ kí kámẹ́rà àti iṣẹ́ míràn jọ ṣiṣẹ́ kí wọ́n fojú rí i. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára.

“Ẹ wo ojú mi, Bọ̀dá Jàmíù, kí ẹ tún un sọ.”

Bàtà rẹ̀ ni mo wò, mo sì tún un sọ. Bàbá rẹ̀ ní kó kúnlẹ̀ kó bẹ̀ mí, nítorí ó fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ mí. Mo ní kò burú, ọmọdé ni.

Ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú jù? Mo délé, mo jókòó ti ìwé náà. Ohun tí àwọn òyìnbó béèrè kò ju agbára ẹ̀rọ lọ. Mo kọ pé ó lágbára, mo lu òǹtẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí pé wọ́n lè wádìí sí i. Ni mo bá fi ìlà kan kún un tí ẹnikẹ́ni kò bi mí: pé kámẹ́rà irú ẹ̀rọ yìí kì í kú fúnra rẹ̀, àfi bí ẹni tó ń lò ó bá pa á. Ìlà yẹn ni wọ́n dì mú. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní òun kò bí olè. Fọláwùmí kó ẹrù rẹ̀, ó fi Zaria sílẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Kontagora. Ó di ọdún méjì àti oṣù mọ́kànlá báyìí tí bàbá àti ọmọ kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Adébánjọ, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ ka ìwé yìí. Láti oṣù kan tí mo ti wà níbí, ẹ kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ẹ ń gbé ògì wá, ẹ ń fọwọ́ ara yín nù mí lẹ́nu. Lánàá, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní: “Jàmíù, dákun, dárí ji ọmọ mi, kí ohun tó ṣe sí ọ má bàa dí àdúrà wa lọ́wọ́.” Mo yíjú sí ògiri. Ẹ rò pé ìrora ni.

Ọmọ yín kò jíwèé wò. Mo ti kọ òtítọ́ sórí ìwé míràn, mo tẹ ìka mi sí i, Sarat náà fọwọ́ sí i. Òfin àwọn òyìnbó fàyè gba ẹ̀rí tuntun kí ọdún mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ tètè fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ má gbé ẹ̀rọ náà fún ará wa kankan. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa ni kó tú u. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ohun tí ẹ bá mọ̀ pé kò lágbára, ẹ sọ pé kò lágbára. Wọn ò kúkú ní pa yín.

Bàbá, ẹ má gbé ògì wá lọ́la. Ẹ má sì tíì dárí jì mí, kì í ṣe ìyẹn ni mò ń tọrọ. Mo mọ̀ pé bàbá kì í bẹ ọmọ nílẹ̀ wa. Ẹ wọkọ̀ lọ sí Kontagora kí ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin nìkan ló lè gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bí ẹ bá sì bá mi láàyè nígbà tí ẹ bá dé, ẹ wá sọ fún mi pé ó dá yín lóhùn.