Akoto Tí Mo Gé Okùn Inú Rẹ̀

Ẹ̀wà ni mo ń ṣà lọ́wọ́ nílé wa ní Mulhuddart, ní Dublin níbí, nígbà tí Ìyá Tólú pè mí nírọ̀lẹ́ òní. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ tán, mi ò lè padà sídìí ẹ̀wà náà mọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti èṣí tí mi ò sọ fún ọkọ mi, tí mi ò sọ fún pásítọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ilé ìkẹ́rùsí ni èmi àti Ìyá Tólú ti jọ ṣiṣẹ́. Ó jù mí lọ, òun ló sì mú mi débẹ̀. Dandan ni kí a dé akoto kí a tó wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń fi wọ́n kọ́ sí. A kì í kọ orúkọ sí wọn, èyí tó bá bá orí ẹni mu lèèyàn ń mú.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá tó ń bójú tó ààbò kọ́ wa dáadáa. Ó ní ike òde nìkan kọ́ ló ń gba orí là. Ó ti ìka bọ àlàfo tó wà láàárín ike àti àwọn okùn inú, ó ní àlàfo yẹn ni kì í jẹ́ kí agbára ohun tó já bọ́ dé agbárí. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ gé okùn kankan. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀.

Nígbà tí àbúrò ọkọ mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, mo di irun pẹ̀lú àtáṣímẹ́ǹtì. Ó nípọn, akoto kò sì wọlé mọ́. Ǹ bá béèrè èyí tó tóbi, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ ti ń bi mí bóyá ológbò ni mo gbé pamọ́ sórí. Mo fi ọ̀bẹ tí a fi ń la páálí gé méjì nínú okùn inú akoto kan. Ó wọlé. Ìkangun ni mo máa ń fi kọ́ sí, kí ẹlòmíràn má baà mú un.

Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ lọ sí àkànṣe àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì bẹ Ìyá Tólú kó bá mi ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà. Akoto ìkangun yẹn ló mú. Páálí tòmátò alágolo já láti orí pẹpẹ, ó bọ́ lù ú lórí. Irú rẹ̀ ti bọ́ lu ẹlòmíràn rí tó kàn gbọn ara nù. Ti Ìyá Tólú kò rí bẹ́ẹ̀. Títí di òní, tó bá dìde lójijì, òòyì máa ń kọ́ ọ, etí òsì rẹ̀ kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́.

Wọ́n yẹ akoto náà wò, wọ́n rí ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un rí nítorí ìborí tó máa ń wé sábẹ́ akoto, wọ́n bá ní òun ló gé e. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ojú mi ló ṣe. Mo dákẹ́. Ọbẹ̀ ni mo ń sè lọ sílé rẹ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sì ń yìn mí.

Lónìí, ó ní lọ́yà kan ti gba ẹjọ́ òun, kí n wá jẹ́rìí pé òun kọ́ lòun gé e. Tí mo bá sọ òótọ́, iṣẹ́ mi lè lọ, Ìyá Tólú sì lè má fẹ́ rí mi mọ́. Tí mo bá dákẹ́, ẹ̀bi mi ni yóò máa rù kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, òun ni àbí lọ́yà? Gbólóhùn wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Kí a tó parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo bi Ìyá Tólú pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ló yàn.

Ó ní, "Àbúrò mi, Tólú tí mo bí gan-an bi mí bóyá èmi ni mo gé e. Ìwọ nìkan ni kò bi mí rí."