Ìdajì Ọ̀rọ̀ Ìyá Saídátù Ni Mo Tẹ̀ Jáde

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mo fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni mò ń kọ. Ti èmi fúnra mi nìyí, ó sì ti wúwo jù fún mi láti máa dá gbé. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti dákẹ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó bi mí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, obìnrin kan mú ọmọ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi láti gba ìmọ̀ràn. Nítorí ọjọ́ náà ni mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Mo ti yí orúkọ àwọn èèyàn inú rẹ̀ padà.

Nígbà náà, ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kan ní èdè Yorùbá ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n fún mi. Láàárọ̀ màá wà ní Wharf Road, lọ́sàn-án màá kọjá sí Ajégúnlẹ̀. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí ni pé n kì í tún ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ṣe. Bó bá ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ni màá ṣe kọ ọ́. Mo fi í yangàn.

Lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ni gbogbo ìwé ìròyìn ń gbé. Bí ìwé kan bá gbé àwòrán òkú kan sójú ewé àkọ́kọ́, èkejì á wá méjì. Olóòtú wa sọ ní ìpàdé ọjọ́ kan pé, "Àwọn yòókù ti ní gbọ́mọgbọ́mọ tiwọn. Àwa ńkọ́? Àbí kò sọ́mọ ní Àpápá ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ bá Ìyá Saídátù. Ará Ìsẹ́yìn ni, ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà lọ sí Òkè Ọya. Ẹ̀bá Liverpool Road ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti asẹ́. Wíìtì àti àgbàdo tó bá dà sílẹ̀ lára tírélà ló ń gbá jọ. Á fẹ́ ẹ, á ṣa òkúta inú rẹ̀, á tà á fún àwọn tó ń sin adìẹ. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sí ohun tí kò ní rí. Mo bi í bóyá ó ti rí ohun tó jọ gbọ́mọgbọ́mọ rí.

Ohun tó sọ nìyí, mo kọ ọ́ sínú ìwé ọwọ́ mi:

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n má parọ́ fún yín. Lánàá báyìí, mo rí ọkùnrin kan tó gbá ọmọ kan mú, ó gbé e jù sínú mọ́tò funfun. Ọmọ ń ké, ó ń fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. Àyà mi já. Mo sáré dé ibẹ̀. Obìnrin tó ń ta omi níbẹ̀ ló ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá ọmọ ni, wọ́n fẹ́ lọ gbabẹ́rẹ́ fún un ní ọsibítù ni ọmọ ò fẹ́ lọ. Ọkùnrin yẹn gan-an tún bẹ̀ mí pé kí n má bínú."

Ẹ̀rín ló fi parí ọ̀rọ̀ náà. Ó bi mí bóyá èmi náà kò sá fún abẹ́rẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Bí ìròyìn bá gùn ju àyè rẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ ni olóòtú ti ń gé e. Kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo akọ̀ròyìn ló mọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń kó ohun tó ṣe pàtàkì sókè. Mo fi ọmọ tó ń ké sókè. Mo fi mọ́tò funfun tẹ̀ lé e. Mo kó ọ̀rọ̀ àwọn tí ọmọ sọnù fún ní àdúgbò míràn sáàárín. Bàbá àti abẹ́rẹ́, ìlà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni mo fi wọ́n sí. Mo mọ̀ pé ìròyìn náà ti gùn jù. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mò ń kọ ọ́.

Ó jáde ní Ọjọ́bọ̀. Ìlà mẹ́rin yẹn kò sí níbẹ̀. Kò sì sí irọ́ kan nínú ohun tó kù, gbogbo rẹ̀ ló ti ẹnu ẹlẹ́rìí jáde. Láti ọjọ́ náà, bí ọkàn mi bá fẹ́ dá mi lẹ́bi, màá ní olóòtú ló gé e.

Bàbá kan wà nítòsí Bọ́ńdírì ní Ajégúnlẹ̀ tó ń ránṣọ. Bàbá Télọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló máa ń ka ìwé ìròyìn wa sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé ládùúgbò, Ìyá Saídátù sì wà lára wọn. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé ìyá yìí máa bá mi jà, mo ti ṣètò ohun tí n máa sọ.

Bàbá Télọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá Saídátù ti di gbajúmọ̀ o. Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ rí wọn á kọ lẹ́tà ṣáájú."

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ṣé bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe burú tó nìyẹn? Mo wà níbẹ̀, mi ò mọ̀."

Mo ní, "Ṣé ẹ rántí pé wọ́n ní bàbá ọmọ náà ni?"

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Olómi. Ṣé olómi mọ̀ ọ́n rí ni? Tó bá jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ni, ṣé ìwé ìròyìn ò ní sọ ọ́ ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé lẹ lọ wádìí ẹ̀."

Ó tó èèyàn mẹ́fà tó jókòó síbẹ̀, gbogbo wọn ń wò mí. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo ní, "A ṣì ń wádìí ẹ̀ lọ́wọ́." Ohun tí mo sọ nìyẹn.

Ìwé wa tán nílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Olóòtú ní kí n tún kọ. Mo lọ bá àwọn òbí, mo bi wọ́n bóyá ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n ní ẹ̀rù ń bà wọ́n, mo kọ ọ́. Ìbẹ̀rù tí mo dá sílẹ̀ ni mo padà lọ ń kọ gẹ́gẹ́ bí ìròyìn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wà níwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ajégúnlẹ̀ lásìkò tí àwọn ọmọ ń jáde. Ìyá Saídátù náà wà níbẹ̀. Kì í wá mú ọmọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mọ́tò funfun kan dúró. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, ó di ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ mú. Ọmọ náà fẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rìn lọ sílé, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mo gbọ́ ohùn Ìyá Saídátù lẹ́yìn mi. "Mọ́tò funfun. Òun nìyẹn."

Ẹnì kan ní, "Na him be dat. No let am move." Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fà á lẹ́wù títí ó fi ṣubú. Ọmọ náà ń pariwo pé bàbá òun ni. Obìnrin kan ní kí wọ́n má dá a lóhùn, wọ́n ti fi nǹkan sí i lójú ni. Pákó dé. Táyà dé.

Èmi nìkan ni mo mọ ibi tí mọ́tò funfun yẹn ti wá nínú gbogbo wọn. N kò la ẹnu. Ìwé ọwọ́ mi wà ní ṣíṣí, mò ń kọ ohun tí àwọn èèyàn ń wí.

Olùkọ́ kan ló gbà á sílẹ̀. Ó mú ìwé orúkọ jáde, ó ka orúkọ ọmọ, ó ka orúkọ bàbá, ó ní kí ọkùnrin náà sọ orúkọ rẹ̀ láti ilẹ̀ níbi tó wà. Ó sọ ọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì. Eyín rẹ̀ méjì ti yọ, apá rẹ̀ kan ti kán.

Òṣìṣẹ́ pọ́ọ̀tù ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bi í ní ohun tó gbé e wá síbẹ̀. Ó ní, "N kì í wá mú un tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo kà nínú ìwé ìròyìn ló jẹ́ kí n tọrọ àyè níbi iṣẹ́."

Mo kọ ìyẹn náà. Olóòtú wò ó, ó dá a padà fún mi. "Bàbá wá mú ọmọ rẹ̀. Èyí kì í ṣe ìròyìn." Mo fi í sínú àpótí tábìlì mi.

Ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé Ìyá Saídátù máa ronú lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo rí i, ó ní, "Ẹni tó wá mú ọmọ tiẹ̀ lè mú ti ẹlòmíì. Ọlọ́run ló rán yín sí mi." Saídátù jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ti yege ìdánwò, orúkọ rẹ̀ ti jáde fún ilé ìwé girama kan ní Àpápá. Liverpool Road ló máa gbà lójoojúmọ́. Ìyá rẹ̀ ní ọmọ òun kò ní gba títì yẹn. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Ìsẹ́yìn. Bàbá Télọ̀ ló sọ fún mi pé ọmọ náà sunkún títí wọ́n fi wọ mọ́tò. Kò padà sí ilé ìwé mọ́ láé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, n kò lọ bá ìyá rẹ̀.

Saídátù yìí ló wá sí ọ́fíìsì mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ti padà sí Ajégúnlẹ̀, ó ń dirun nítòsí ilé ìyá rẹ̀. Ó mú ọmọ rẹ̀ dání, Rọ́fíà, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọmọ náà wò mí, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Màámi, ṣé àwọn lẹni tó ń gbé ọmọ?"

Saídátù gbá a nídìí díẹ̀. "Dákẹ́ ẹnu ẹ. Àwọn ló gba èmi sílẹ̀ nígbà tí mo wà bíi tìẹ." Ó wá kọjú sí mi. "Ẹ má bínú, sà. Kò mọ ọkùnrin kankan yàtọ̀ sí bàbá ẹ̀. A ò jẹ́ kó jáde. Ó ti tó ilé ìwé i lọ, àwọn màámi ò gbà. Wọ́n ní àfi tí ẹ bá fẹnu ara yín sọ pé títì ti dáa. Tẹ́ ẹ bá ti lè sọ bẹ́ẹ̀, ó parí. Wọ́n mọ̀ pé ẹ ò lè parọ́ fáwọn."

Mo sọ fún un pé kó mú ọmọ lọ, pé gbọ́mọgbọ́mọ ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé mo ní wọ́n ti kásẹ̀ nílẹ̀. N kò ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Rọ́fíà ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bá Saídátù lórí àpótí kan lẹ́nu géètì. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti wọlé títí wọ́n á fi jáde, ibẹ̀ ló ń jókòó sí. Kò dirun mọ́. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Mi ò kúrò níbí. Tí wọ́n bá tún padà dé, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí." Gbogbo ọkùnrin tó bá kọjá ló ń fojú tẹ̀ lé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò bi yín bóyá kí n sọ ọ́. Mo ti mọ̀ pé n máa sọ ọ́. Ẹni tí n máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ni n kò mọ̀. Bí mo bá sọ fún Saídátù, ó máa mọ̀ pé lásán ni ìyá òun gba ìwé lọ́wọ́ òun, n kò sì mọ ojú tó máa fi wo ìyá náà nílé. Bí mo bá sọ fún Ìyá Saídátù, ó máa mọ̀ pé òun nàka sí ọkùnrin tí kò ṣẹ̀ ẹ́, pé òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹrù ọmọ òun. Ara rẹ̀ kò yá tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá: ìyá ni kí n kọ́kọ́ lọ bá ni, àbí ọmọ tó jókòó lẹ́nu géètì?