Ohùn Toheebat Tí Mo Pa Rẹ́

Ẹ̀yin ará ilé wa lórí Wáásáàpù, ẹ̀yin tí ẹ ti ń gba ọ̀rọ̀ ànímè lẹ́nu mi láti ọdún mẹ́rin wá, lónìí n kò ní yin eré kankan fún yín. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e mì, kò lọ. Mo fẹ́ pọ̀ ọ́, kò jáde. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ti bá a ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi n'Ílaro. Ó gbé gààrí dání, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Akínladé ni mí, ẹ mọ ìyẹn. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé inú oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn Ìgbógìlà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, kí n tó wá máa ta fíìmù n'Ílaro. Nígbà ayé àwo, mo ta àwo. Nígbà tí àwo kú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da fíìmù sínú mẹ́mọ́rì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ni wọ́n mú ànímè wá, àwòrán tí àwọn ará Japan ń yà, tí yóò máa rìn tí yóò máa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹni tó bá yà wá fi ń bi mí pé, "Bùọ̀dá, n ò wò ó rí, èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?" Èmi ò mọ̀. Bí mo bá jókòó tì í, kí abala kìíní tó parí, mo ti ń hanrun.

Toheebat ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ Màmá Sẹ̀kínát ni, obìnrin tó ń yan gààrí n'Ígbógìlà. Toheebat wà ní ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà tí ọ̀kadà gbé e ṣubú lọ́nà Ìbèṣè. Egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́, kò sì jinná dáadáa mọ́. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ibùsùn rẹ̀ wà, ó ń wo títì. Bí mo bá ń lọ sí abúlé wa, mo máa ń da ànímè sínú mẹ́mọ́rì fún un, kí ojú má baà máa ro ó. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: bí eré ṣe rí, ibi tó ti dùn, ibi tó ti falẹ̀, irú ẹni tó yẹ kó wò ó. Kì í fún eré ní máàkì bí olùkọ́. Ọ̀nà ló fi ń wọ̀n ọ́n. Eré tí kò dára, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò gbé mi kúrò lórí ẹní." Èyí tó sàn díẹ̀ gbé e dé Ìbèṣè. Èyí tó dára gbé e dé Ìlaro. Èyí tó dára ju ìyẹn lọ gbé e dé Owódé, èyí tó bá sì gbé e dé Ìdí-Ìrókò, a jẹ́ pé kí ẹni tó lójú lọ wò ó. Ìpele kan ṣì kù lókè: "Ó gbé mi kọjá bọ́dà, wọn ò sì bi mí níwèé." Kò fún eré kankan ní ìyẹn rí. Ó ní òun ń retí rẹ̀.

Gbogbo ọgbọ́n tí ẹ fi ń yìn mí, tirẹ̀ ni. Òun ló ní ẹni tó ń kọ́ odò wíwẹ̀, etídò la ti ń mú un bẹ̀rẹ̀. Kí a má fún àlejò ní eré ọgọ́rùn-ún abala, kí a fún un ní oníméjìlá, kó lè parí nǹkan kan. Òun ló ní òun kì í dá ẹjọ́ eré tí òun kò bá wò dé òpin. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, n ó fi orúkọ mi sí ìdí rẹ̀, n ó gbé e síwájú yín. Bí mo bá kọ ọ́ tán, mo máa ń pa ohùn náà rẹ́ lórí fóònù mi, kí oníbàárà kankan má baà fi etí kó o. Ẹ̀yin ń pọ̀ sí i, ẹ̀ ń pè mí ní Amọ̀nà. Èmi náà gbàgbé pé n kò mọ ọ̀nà kankan.

Lọ́jọ́ kan Toheebat bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà yín pé èmi ni mo ní ọ̀rọ̀ náà?"

Mo ní, "Wọ́n mọ̀ ọ́ dáadáa."

"Kí ni wọ́n ń pè mí?"

Ẹnu mi kò dúró rárá. Mo ní, "Ìyáàfin Ìgbógìlà." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Orúkọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi irọ́ hun ni ọmọ ọlọ́mọ wọ̀ bí aṣọ ọdún.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé wa n'Ílaro lọ́dún tó kọjá, ẹ ó rántí ọ̀sán ọjọ́ náà. Olúwapẹ̀lúmi, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń darí ètò, bi mí níṣojú gbogbo ènìyàn pé, "Bùọ̀dá, Ìlaro lẹ̀ ń gbé. Kí ló dé tí ìrìn yín kì í bẹ̀rẹ̀ láti Ìlaro? Ẹni tó bá dé Ìbèṣè kó tó dé Ìlaro, apá Ìgbógìlà ló ti ń bọ̀." Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Olè a máa gbàgbé pé ẹsẹ̀ òun ń hàn nílẹ̀. Mo ní nítorí pé ibẹ̀ ni abúlé wa, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Àtẹ́wọ́ náà kò tíì rọlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan fi igi tó fi ń rìn kan ilẹ̀ lẹ́yìn. Toheebat ni. Ó ti gbọ́ nípa ìpàdé náà. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ wọ kẹ̀kẹ́ wá. Ó ti wé gèlè. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ni Ìyáàfin Ìgbógìlà." Ó dúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí kí ẹ kí òun. Ẹ̀yin ń wo ara yín lójú. Ibo lẹ ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?

Olúwapẹ̀lúmi yíjú sí mi. "Bùọ̀dá, ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ibi tí mo ti lè bọ́ nìyẹn. Gbólóhùn òtítọ́ kan ṣoṣo ni ì bá tó. Dípò rẹ̀, mo ní, "Oníbàárà mi ni. Ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó wá ń sín mi jẹ."

Ẹnìkan láàárín yín ní, "Ayékòótọ́ rèé." Ẹ tún rẹ́rìn-ín. N kò dá yín lẹ́bi, èmi ni mo fún yín lẹ́rìn-ín rín. Toheebat yí igi rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú iṣẹ́." Màmá Sẹ̀kínát, tí ọ̀rọ̀ náà kò yé, ń bi í pé, "Kí ni wọ́n ní o mú?" Ó ní, "Wọn ò ní mo mú nǹkan kan, Màmá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, kẹ̀kẹ́ ń dúró dè wá."

Kò fi ohùn ránṣẹ́ sí mi mọ́. Mo gbìyànjú láti dá ṣe é. Ẹ rántí eré tí mo ní ó gbé mi dé Ìdí-Ìrókò, tí Lábísí, ọ̀kan nínú yín, kọ̀wé láti Agóṣáṣà pé, "Bùọ̀dá, eléyìí ò kúrò lórí ẹní o. Ṣé ẹ tilẹ̀ wò ó?" N kò wò ó. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ìbàdí Toheebat tún wú, ibà wọ̀ ọ́, kí ọ̀sẹ̀ sì tó yípo ó ti kú. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. N kò lọ. Mo ránṣẹ́ pé ara mi kò yá.

Ẹ̀yin rò pé ìyẹn ló burú jù. Rárá o.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, Màmá Sẹ̀kínát wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó di fóònù ọmọ rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú. Ó ní, "Akínladé, ìwọ lo mọ nǹkan wọ̀nyí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bá mi ṣí i síta, kí n máa gbọ́ ọ bí mo bá ń yan gààrí. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri, ṣùgbọ́n àwòrán kì í fọhùn."

Mo ní kó fi sílẹ̀, kó padà wá lọ́jọ́ ọjà. Mo ṣí i. Ohùn lé ní igba, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń bẹ̀rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n Akínladé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Gbogbo ohun tí ẹ ti kà lábẹ́ orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Mo rò ó wò: bí obìnrin yìí bá ń gbé e sáfẹ́fẹ́ nídìí agbada gààrí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọjá lójú títì, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà? Mo gbọ́ èyí tó kẹ́yìn, èyí tí kò fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, látòkè délẹ̀, láìku ẹyọ kan. N kò ṣiyèméjì rárá. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nípa ara mi.

Nígbà tó padà dé, mo ní, "Màmá, omi ti wọ inú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́." Ó gba fóònù, ó fi ìborùn nù ún. Ó ní, "O gbìyànjú, ọmọ mi." Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ó ń gbé ọ̀rá gààrí kan wá fún mi. Ó ní ẹni tó bá bá ni gbìyànjú, a kì í jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Wọ́n tò jọ sẹ́yìn káńtà mi. N kò lè jẹ wọ́n, n kò lè fi tọrẹ. Wọ́n ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ikú pa ọmọ obìnrin yìí. Èmi ni mo wá sọ ọ́ nù.

Lánàá, mo kó gbogbo gààrí náà lọ sí Ìgbógìlà, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ ohun tí mo ń sọ fún yín yìí. Kò pariwo. Ó ń ro gààrí inú agbada lọ. Ó ní, "Ìwọ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn?"

Mo ní, "Mo gbọ́ ọ, Màmá."

"Kí ló sọ?"

Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe wà lórí mi: "Ẹ̀gbọ́n, n ò mọ̀ bóyá máa fi èyí ránṣẹ́. Mo ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n mo wo ọ̀kan, oníméjìlá ni. Obìnrin kan ń tún agboòrùn ṣe nílùú tí òjò kì í dá, kì í sì í bi ẹnikẹ́ni níbi tó ń gbé e lọ. Ẹ fún ẹni tí kò wò ó rí. Ẹ má sọ òpin rẹ̀ fún un. Ẹ dárúkọ mi lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ ní Toheebat ní ó gbé òun kọjá bọ́dà, wọn ò sì bi òun níwèé."

Ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí. Ó ní, "Ohùn tìrẹ kọ́ ni mo fẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí ọgbọ́n lẹ́nu ẹnìkan, ẹ dárúkọ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹnu á ti wúwo. N kò tíì lè bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, nítorí ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ dárí jì mí kò tíì fèsì. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ wá inú fóònù yín. Ẹ̀yin tí ẹ bá Toheebat kàwé, ẹ̀yin tí ó fi ohùn kí lọ́jọ́ ọdún, tàbí tí ó fi ohùn bú ṣeré, ẹ tú àwọn fóònù àtijọ́ tó wà nínú àpótí yín wò. Bí ẹ bá rí ohùn rẹ̀, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹ má fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ gbé e lọ fún Màmá Sẹ̀kínát n'Ígbógìlà, ilé tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Ẹ ó bá a nídìí agbada.