Tàíwò Gun Ẹṣin Abìyẹ́, Kẹ́hìndé Ń Fọ Abọ́

Tíṣà Keturah, ẹ má fún mi níjòókòó, n ò jókòó! Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí Tàíwò, ọmọ-ọmọ mi, máa gun ẹṣin abìyẹ́ nínú eré ìparí ọdún, kí Kẹ́hìndé máa fọ abọ́? Nílùú wo? Ní Ìgbò-Ọrà yìí, níbi tó jẹ́ pé béèyàn bá ju òkúta, orí ìbejì ló máa bà!

Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé ìtàn. Ẹ ní Tàíwò ló kọ́kọ́ jáde, òun ni ẹ̀gbọ́n, òun ladé tọ́ sí. Hẹ̀ẹ́! Kẹ́hìndé ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò! Àbí wọn ò mọ̀ ọ́n l'Érúwà yín ni? Ṣé ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ló wá dọ̀gá ẹni tó rán an?

Látìgbà tẹ́ ẹ ti gbé adé páálí yẹn lé e lórí, wàláì, kò bá mi bó ẹ̀gẹ́ mọ́. Ó ní ọwọ́ ọmọ ọba kì í kan ẹ̀gẹ́! Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ ní òun ò wá síléèwé mọ́, pé abọ́ wà nílé tóun lè fọ̀. Tíṣà, kí ni kí n fún un lésì? Èmi tí n kì í ra bàtà fún ọ̀kan kí n fi èkejì sílẹ̀!

Ìwé yẹn gan-an, ta ló kọ ọ́? Iléèwé lórí kùrukùru, ọmọ ọba àtọmọ olówó nìkan ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò. Irun gbogbo wọn dà bí irun àgbàdo. Ọ̀kan ṣoṣo tó dúdú bíi tiwa níbẹ̀, ọmọ alásè tẹ́ ẹ ní kí Kẹ́hìndé ṣe ni, wọ́n ní kò ní ẹ̀jẹ̀ idán. Ṣé wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ wò ni? Àwọn tó ń pàṣẹ fún òkè kó ṣípò, wọn ò lè pàṣẹ fún abọ́ kó fọ ara ẹ̀! Ọ̀lẹ ni wọ́n! Ọ̀lẹ abìyẹ́!

Adé méjì ni mo fẹ́. Kí wọ́n jọ gun ẹṣin náà. Ẹ ní kò lè gbé èèyàn méjì? Ọ̀kadà Èrúwà yín kì í gbé mẹ́ta ni?

Ẹẹ̀n, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ó tó! Kí lẹ tún wí? Pé ẹ ò tíì rẹ́ni ṣe ọ̀gá iléèwé idán? Kí èmi ṣe é? Èmi tí mo sá kúrò ní pámárì tú? Hà-hà-háà! Tíṣà, ẹ má pa mí o! Ẹ gbé ẹ̀wù yẹn wá kí n wọ̀ ọ́ wò. Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀gá iléèwé máa kọ́kọ́ wí: Ọmọ alásè dà? Ju kàn-ìn-kàn-ìn yẹn sílẹ̀, wá jókòó níwájú!