Èsì Tí Ààfáà Kò Fi Rán Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n rójú jókòó síbi kan mọ́. Bí mo bá jókòó sídìí máṣìnnì, màá dìde. Bí mo bá dìde tán, màá tún wá ibi jókòó sí. Ìyàwó mi ní àfi kí n lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru. Irọ́ ni mo pa fún obìnrin opó kan, orúkọ ẹni ńlá ni mo sì fi pa á.

Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni pé obìnrin náà ti tún rán mi níṣẹ́. Ó ń retí èsì lẹ́nu mi kí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ àsàlátù wa, tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Mo ti pààrọ̀ orúkọ àwọn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní dárúkọ ara mi. Bàbá Télọ̀ ni wọ́n ń pè mí ní Mabera, nílùú Sókótó níbí. Àwa télọ̀ pọ̀ níbẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe máa mọ èwo ni mí. Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ ní Sókótó débi pé ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń lá àlá ní èdè Haúsá.

Ṣọ́ọ̀bù mi ni àwa Yorùbá àdúgbò wa máa ń kóra jọ sí lẹ́yìn ìrun àsárì. Rédíò mi kì í sinmi. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti gbọ́ ohun tí ìyẹn máa dá sílẹ̀. Nígbà tí náírà ń já wálẹ̀, èmi ni wọ́n wá bi pé ibo ni kí àwọn fi owó pamọ́ sí. Ẹnì kan á ní dọ́là ló dára. Òmíràn á ní kí ènìyàn ra àgbò sílẹ̀ de Iléyá. Fọ́kánáísà tó wà níwájú wa máa ń búra, "Wallahi, ilẹ̀ nìkan ni kò lè sá lọ." Lẹ́yìn gbogbo wọn, màá yọ téèpù kúrò lọ́rùn, màá wá sọ tèmi, wọ́n á sì dákẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà o. Kí èmi máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ báńkì àpapọ̀, kí àwọn ènìyàn máa mi orí! Ó ń dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ti ìsàlẹ̀ kí n tó jẹ́wọ́ ti òkè. Nígbà kan rí, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sáré ra ṣíà báńkì, ìyẹn ìpín ìdókòwò, èmi náà rà. Owó tí mo fẹ́ fi gbé ìyá mi lọ sí Mẹ́kà ni mo kó sí i. Kò pẹ́, báńkì náà wó, òmíràn gbé e mì, ṣíà mi sì di ìwé lásán. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó mi. Ohun tí mo ń sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù ni pé mo ti rí i tẹ́lẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí mi ò fi rà á. Wọ́n gbà mí gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni òkìkí mi ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ṣíà báńkì, inú á bí mi. Ẹni tó máa ń dárúkọ rẹ̀ jù ni Làtí, jórinjórin kan báyìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Orí fóònù ló ti ń ra ṣíà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ra káàdì ìpè. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn báńkì lọ wá owó kún owó ìpìlẹ̀ wọn, mo sọ ní ṣọ́ọ̀bù pé àwọn kéékèèké máa tún kú bíi ti ìjọ́un, kí gbogbo ẹni tó bá ní ṣíà tètè tà á dànù. Làtí ní rárá. Ó ní báńkì tó bá yè é máa lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé àsìkò yìí gan-an ló yẹ kí ènìyàn di tirẹ̀ mú. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Mo rí i pé àwọn ènìyàn ń wò ó bí wọ́n ṣe máa ń wò mí.

Ni mo bá sá sínú ẹ̀sìn. Mo ní ẹ gbé ti èrè tì, èlé ni báńkì ń jẹ, harámù ni ṣíà wọn. Làtí béèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní Ààfáà wa ní Ìlọrin. "Haba, Bàbá," ni Làtí wí, "ṣé ẹ ti bi wọ́n ni?" Mo ní ohun tí wọ́n máa sọ nìyẹn, mo mọ̀ wọ́n. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí Ìyá Báráká fi ránṣẹ́ pè mí. Ará Ọ̀yọ́ ni, òun ló ni ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ọ̀dọ̀ wa. Awakọ̀ ni ọkọ rẹ̀, ní Kalambaina ló ti ń kó òkúta lọ sí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kó tó kú. Ó ti ra ṣíà báńkì láti ìgbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, kò sì tà á. Kó tó kú, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ti Báráká ni, òun ni kí wọ́n fi rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Báráká nìkan ni wọ́n bí.

Obìnrin náà ṣì wà nínú opó nígbà náà, kì í jáde. Èmi àti ìyàwó mi la jọ lọ. Ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà ló ti bá mi sọ̀rọ̀. Ariwo tí mo pa ní ṣọ́ọ̀bù ti dé etí rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bóyá nítorí ṣíà yẹn ni ọkọ òun kò fi ní rí ìsinmi ní sàréè. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. "Bàbá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi Ààfáà. Ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe ni mo máa ṣe."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe irú wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yé yín. Àwa kì í dá irú ọ̀rọ̀ owó bẹ́ẹ̀ ṣe láìbi Ààfáà. Ẹni tó ń ṣe opó kò sì ní máa pe ọkùnrin lórí fóònù. Ẹni tó mọ Ààfáà ló máa gbé ìbéèrè lọ, òun náà ló máa gbé èsì bọ̀. Nígbà tó bá dé, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ṣé ó dá a lójú. Wọ́n á kà á sí ìwọ̀sí sí Ààfáà fúnra rẹ̀.

Mo pe Ààfáà. Wọ́n gbé e. Wọ́n kí mi, wọ́n béèrè ooru Sókótó, wọ́n ní ìyá mi ń kí mi, nítorí pé àdúgbò kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Wọ́n wá béèrè pé, "Ṣé kò sí nǹkan?" Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Mo wá rántí Làtí. Mo rò ó pé bí Ààfáà bá wá sọ nǹkan mìíràn ńkọ́? Mo ní, "Kò sí o, Ààfáà. Mo kàn ní kí n kí yín ni." Wọ́n ṣàdúrà fún mi, mo sì ṣe àmín.

Mo padà sọ́dọ̀ opó yẹn, mo ní Ààfáà ní kó tà á kíákíá. "Kíákíá" yẹn, èmi ni mo fi kún un. Bóyá mo fẹ́ kó dún bí ọ̀rọ̀ Ààfáà ni, mi ò mọ̀. Ó ní, "Àlùhámúdù lílááhì," ó tún fi Haúsá ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fi oore san án fún mi, "Allah ya saka da alheri, Bàbá Télọ̀." Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló bá a lọ tà á.

Ó fi owó rẹ̀ ra fùláwà, kó lè fi èrè rẹ̀ rán Báráká lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ mọ bí ọ̀wọ́ngógó ṣe rí nígbà yẹn. Kó tó lo èyí tó rà tán, iye tó fi rà á kò lè ra ìdajì rẹ̀ mọ́. Àwọn ènìyàn dín búrẹ́dì rírà kù. Báráká gba ìwé pé wọ́n ti mú un ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, kò sì rí owó fi wọlé. Òun ló ń po fùláwà nílé ìyá rẹ̀ báyìí. Bí mo bá ń kọjá, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú ọwọ́ funfun yẹn, èmi á sì máa yára lọ.

Ṣíà tí ìyá rẹ̀ tà kò kú o. Ó gòkè, ó tún gòkè sí i. Làtí kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé Ààfáà ti sọ̀rọ̀ ni kò ti bá mi jiyàn mọ́. Nígbà kan, ó fà mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó rọra béèrè pé, "Bàbá, ṣé Ààfáà ò wá sọ nǹkan mìíràn lórí ẹ̀? Ọkàn mi ò balẹ̀ lórí tèmi." Mo ní wọn ò sọ nǹkan mìíràn. Ọ̀rọ̀ tèmi ní ṣọ́ọ̀bù wá wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá Báráká fúnra rẹ̀ dìde ní àsàlátù, ó ní kí àwọn obìnrin máa béèrè kí wọ́n tó ṣe nǹkan, pé Ààfáà ló yọ òun nínú harámù. Gbogbo wọn wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ń wo ẹní tí mo jókòó lé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa sọ pé Ààfáà ì bá sọ ohun kan náà, pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ní harámù ni ṣíà báńkì. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi títí ó fi sú mi. Lọ́sẹ̀ yìí, mo pe Ààfáà, mo ní ẹnì kan ló ń béèrè. Mo ní opó ni, ọkọ rẹ̀ fi ṣíà báńkì sílẹ̀, kí ni kó ṣe? Inú bí Ààfáà. Wọ́n ní, "Ta ló ń kó ọ̀rọ̀ báńkì wá bá ẹni tó ń ṣe opó? Sọ fún un kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kó ṣe opó rẹ̀ tán, kó wá bá mi, a ó jọ wò ó." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ìdí aṣọ oníbàárà kan ni mo ti bá ara mi, tí mo ń sunkún bí ọmọdé.

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ tó tún rán mi. Oníṣòwò kan ní Kofar Marke ń fẹ́ Báráká. Ó lówó, ó ti dàgbà, ó sì ti níyàwó nílé. Ó ní bí òun bá ti gbé e níyàwó, òun máa rán an lọ sílé ẹ̀kọ́. Ìyá rẹ̀ kò mọ èyí tó máa ṣe. Ó ní kí n bá òun bi Ààfáà, nítorí pé ti ìjọ́sí yẹn dára. Báráká sìn mí dé ìta. Ó wo ẹ̀yìn kí ìyá rẹ̀ má gbọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ ẹ. Ìwé ni mo fẹ́ kà. Ẹ bá mi sọ fún Ààfáà." Ó di apá aṣọ mi mú bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo wà rèé. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan mọ́ lẹ́nu mi láéláé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa wá gbẹnu sọ fún ọmọ yẹn? Bí mo bá bi Ààfáà ní òótọ́, wọ́n lè ní kó fẹ́ ẹ, nítorí pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ẹ̀. Tí mo bá ní kí n ta máṣìnnì mi láti rán Báráká lọ sílé ìwé, kò lè tó, ìyàwó mi á sì béèrè ìdí rẹ̀.

Mo bẹ Ọlọ́run, mo bẹ Ìyá Báráká níbi tí kò ti lè gbọ́ mi, mo bẹ Làtí, mo bẹ òkú tó wà ní sàréè. Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí. Ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn kí n tó lọ síbẹ̀. Mo ti ní èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Láti àná ni mo ti ń gbọ́ ohùn ara mi nídìí máṣìnnì, tí mo ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ààfáà ní rárá."