Òkúta Ìyá Mi Tí Mi Ò Jù ní Mínà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ìgbà tí èmi àti ìyá mi ti Mẹ́kà dé, kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi. Mo ṣì ń jẹun o, ẹ má rò pé mo ti rù. Kò kàn dùn mọ́ ni.

Mi ò ní dárúkọ mi, torí Ìkirè ò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àkànní ni kí ẹ máa pè mí, Àkànní pọ̀ níbí. Pákó ni mò ń tà létí títì tó lọ sí Ifẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ọdún mẹ́jọ ni mo sì fi kà á. Tí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe lọ́kàn yín.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé wọ́n tún fẹ́ rán mi lọ sí Mẹ́kà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa ní Àpòmù. Ìyàwó méjì ni bàbá wa fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kú. Ìyáálé, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, àti Màmá tó bí mi. Oko kókó tí bàbá fi sílẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Inú agboolé kan náà ni wọ́n ń gbé, ẹnu ọ̀nà wọn kọjú síra, síbẹ̀ wọn ò kí ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà tiwọn, wọ́n á ní, "Ìwọ ewúrẹ́ yìí, ohun tí kì í ṣe tìẹ lo máa ń jẹ." Màmá á dáhùn látinú ilé: "Jẹ tìẹ, ewúrẹ́. Ẹni tó gbin nǹkan ló ń lé ẹran. Kí làwọn gbìn?" Ewúrẹ́ ọ̀hún á kàn máa wò wọ́n.

Àbúrò mi tó wà lókè òkun ló san owó Háájì fún èmi àti Màmá. Ẹsẹ̀ ń dun Màmá, nítorí náà iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n jókòó sí. Mo ṣe é. Mo tì wọ́n yí Káábà po, mo tì wọ́n láàárín òkè Sáfà àti Máríwà. Ní Àráfà, Màmá gbé ọwọ́ sókè nínú oòrùn, wọ́n sunkún débi pé èmi náà sunkún, mi ò sì mọ ohun tí mò ń sunkún fún.

Lẹ́yìn Àráfà, ẹsẹ̀ Màmá wú. Ààfáà tó kó wa lọ ní kí wọ́n má wọ àárín èrò níbi tí wọ́n ti ń ju òkúta lu ògiri ní Mínà. Ó ní kí n bá wọn jù ú. Kí n kọ́kọ́ ju tèmi, kí n wá ju tiwọn.

Ní Mùsdálífà, níbi tí wọ́n ti ń ṣa òkúta, Màmá ò jẹ́ kí n bá wọn ṣa á. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n ń ṣa á lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n kó méje sínú àpò kékeré kan, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Àkànní, Ààfáà ní kì í ṣe ògiri là ń bá jà. Ṣàìtánì tó fẹ́ yí Ànábì Ìbúráhímù lọ́kàn padà là ń lé. Tèmi, ọ̀rọ̀ ìyáálé mi ni. Ìbínú yẹn ni mo kó síbí. Tí o bá ti jù ú, ó tán."

Lọ́jọ́ Iléyá, mo fi Màmá sílẹ̀ nínú àgọ́ ní Mínà, mo bá èrò lọ. Mo ju tèmi, mo ń ṣe kábárà, pé Ọlọ́run ló tóbi jù, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe fẹ́ mú ti Màmá, òkúta ẹnì kan bà mí lẹ́yìn etí. Mo ní bóyá ẹni yẹn rí nǹkan lára mi tí èmi ò mọ̀. Èrò tì mí, bàtà mi kan já. Mo rò pé mo máa ṣubú, kí wọ́n sì tẹ̀ mí pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo tẹ̀lé èrò jáde.

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, ì bá ṣeé gbọ́. Mo lè sinmi kí n tún gba iwájú wọlé, kò sẹ́ni tó dí mi lọ́nà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ra ìrẹsì àti adìyẹ, mo wá ibòji, mo jẹ ẹ́. Mo jẹ egungun rẹ̀ pàápàá. Nígbà tí mo dìde, ilẹ̀ ń jó mi lẹ́sẹ̀ níbi tí bàtà ò sí. Mo da òkúta Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n ìdọ̀tí kan, mo gbọn àpò náà, mo lọ.

Màmá ò tíì jẹun nígbà tí mo dé. Wọ́n ń retí mi.

"Ṣé o jù ú?"

"Mo jù ú, Màmá."

"Ṣé gbogbo ẹ̀ débẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ débẹ̀."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà fún mi, ó pẹ́. Mo ń ṣe àmín.

Láwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e, mo ju tiwọn pé. Mo tiẹ̀ ń fi agbára jù ú, bí ẹni tó fẹ́ fi sanwó ti àná. Àmọ́ èyí tó burú jù nìyí: mo lè béèrè lọ́wọ́ Ààfáà nígbà yẹn, a ṣì wà níbẹ̀, àtúnṣe ṣì wà. Ojú ló tì mí. Wọ́n ti ń pè mí ní Alhaji nínú àgọ́, ó sì ń dùn mọ́ mi.

Nígbà tí a délé, Màmá ò tíì tú ẹrù. Wọ́n gbé omi sámúsámù tí a gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, wọ́n rọra sọdá àgbàlá, wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àgbà. Wọ́n ní, "Ìyáálé mi, mo ti sọ ọ̀rọ̀ wa lókùúta ní Mínà. Àkànní ló bá mi jù ú. Kò sí nínú mi mọ́. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá Àgbà gba omi náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá ní, "Dìde, ẹsẹ̀ ń dùn ọ́."

Bó ṣe parí nìyẹn. Inú àwo kan ni wọ́n ti ń jẹun báyìí. Ewúrẹ́ nìkan ni wọn ò bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́dún yìí, àwọn ọmọ Ìyá Àgbà san owó Háájì fún wọn. Màmá ló ní èmi ni kí n bá wọn lọ. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ: "Ẹ má bẹ̀rù èrò, ìyáálé mi. Àkànní á bá yín jù ú bó ṣe bá mi jù ú."

Mo lọ bá Ààfáà kan ní Ìkirè. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ṣe báyìí báyìí. Ó ní, "Ẹran ni wọ́n máa pa ní Mẹ́kà dípò òkúta tí kò jù. Àmọ́ Háájì ìyá ẹ̀ ni, kì í ṣe tiẹ̀. Kó lọ sọ fún ìyá ẹ̀." Mo dúpẹ́, mo dìde. Ó ní, "Bá mi kí ọ̀rẹ́ ẹ o. Kó sì wá wo pákó tó tà fún mi, ó ti ká kò."

Mo ti rò ó pé kí n dákẹ́, kí n bá Ìyá Àgbà lọ, kí n pa ẹran Màmá níbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa gba òkúta lọ́wọ́ arúgbó kejì, nígbà tí irọ́ ti àkọ́kọ́ ṣì wà lẹ́nu mi? Tí mo bá sì sọ ọ́, Màmá lè ní ìbínú yẹn ò kúrò rárá. Wọ́n lè wá máa wo Ìyá Àgbà bíi ti tẹ́lẹ̀. Orí irọ́ mi ni ìrẹ́pọ̀ àwọn méjèèjì jókòó lé, wọn ò sì mọ̀.

Jímọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ní kí n wá sí Àpòmù, kí wọ́n fa Ìyá Àgbà lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo ẹbí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀sìn jù mí lọ, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá láyé, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún Màmá nìkan kí ọjọ́ yẹn tó pé, àbí kí n sọ ọ́ níwájú àwọn méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mò ń tọrọ ẹ̀. Ọlọ́run ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Màmá ni kò mọ̀.