Tẹlifíṣàn Tí Kì Í Gbóná Mọ́

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù atúnṣe kan ní Àlàbá nígbà tí obìnrin kan wá gba tẹlifíṣàn onípákó tí bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé lò. Atúnṣe tàn án, àwòrán yọ lójú ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá, kí lẹ ṣe sí i?"

"Inú ẹ̀ ni mo pààrọ̀, mà. Àwọn ìgò tó ń tàn bíi gílóòbù yẹn máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbóná kí àwòrán tó yọ. Mo ti dà wọ́n nù."

Obìnrin náà gbọ́wọ́ lé pákó tútù náà.

"Bàbá mi kì í bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ìgbà tá a bá ń dúró kó gbóná nìkan ni wọ́n máa ń bi wá pé báwo la ṣe wà."

Atúnṣe pa á, ó tún tàn án, bí ẹni pé àwòrán lè pẹ́ kó tó yọ lọ́tẹ̀ yìí.